Ogun Àtorí-Omi-Gòkè nínú Ìtàn Nàìjíríà

Ogun àtorí-omi-gòkè ni ogun tí àwọn jagunjagun fi ọkọ̀ ojú omi dé ilẹ̀ tí ọ̀tá wà, tí wọ́n sì gòkè láti jà fún un. Ó yàtọ̀ sí ogun tí ọkọ̀ ń bá ọkọ̀ jà lórí òkun, ó sì yàtọ̀ sí ogun orí ilẹ̀ lásán. Ewu rẹ̀ kò fara sin: ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ kò ní ibi tí yóò sá pamọ́ sí, omi wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀tá wà níwájú rẹ̀, oúnjẹ àti ọta ìbọn rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ máa gba ojú omi kan náà tọ̀ ọ́ wá. Ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí, irú ogun yìí ti wà ṣáájú orílẹ̀-èdè náà fúnra rẹ̀. Láti ìgbà ọkọ̀ àjẹ̀ títí di ìgbà ọkọ̀ onírin, ẹ̀kọ́ kan ni ó ń tún ara rẹ̀ kọ́ wa: gígòkè nìkan kò tó; agbára láti di ilẹ̀ mú lẹ́yìn ìgòkè ni ó ń pinnu ìṣẹ́gun.

Ọkọ̀ ogun ìsàlẹ̀ Odò Ọya

Ní agbègbè tí Odò Ọya ti pín sí ọ̀pọ̀ ẹ̀ka kí ó tó wọ òkun, omi ni ọ̀nà, ọkọ̀ sì ni ẹṣin. Ní Bonny, Kalabari àti Nembe, ìdílé oníṣòwò kò lè dúró gẹ́gẹ́ bí ilé olóyè àfi bí ó bá lè pèsè ọkọ̀ ogun kan pẹ̀lú àwọn atukọ̀ àti jagunjagun rẹ̀. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa gba nǹkan bí 50 ènìyàn. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ní ìbọn àgbá níwájú.

Ìjà Akassa ni a mọ̀ jù lọ nínú àwọn ogun wọ̀nyí. Òwò ni ó bí i. Ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company gba ìwé àṣẹ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1886, ó sì fi owó ìwé àṣẹ àti owó ibodè dí ọ̀nà ọjà tí àwọn ará Nembe ti ń ná láti ayé àwọn baba wọn. Ní kùtùkùtù òwúrọ̀ ọjọ́ 29, oṣù kìíní, ọdún 1895, Ọba Frederick William Koko kó jagunjagun tí ó lé ní 1,000 sínú ọkọ̀, ó sì kọlu ibùdó ilé-iṣẹ́ náà ní Akassa. Wọ́n ká wọn mọ́ lójijì. Wọ́n ba ilé ìkẹ́rùsí àti ẹ̀rọ jẹ́, wọ́n kó ẹrù àti ẹlẹ́wọ̀n, wọ́n sì padà sílé.

Wọn kò wá láti jókòó sí Akassa. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí ọ̀nà ọjà ṣí. Wọ́n pa díẹ̀ nínú àwọn ẹlẹ́wọ̀n, ṣùgbọ́n Koko gbà láti tú àwọn tí ó kù sílẹ̀ bí a bá yanjú ẹ̀dùn ọkàn àwọn ènìyàn rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò gbà. Ní oṣù kejì ọdún náà, àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gba ẹ̀ka odò wọlé, wọ́n sì sun Nembe. Koko sá kúrò nílùú, ó sì kú ní 1898 láìpadà sórí ìtẹ́. Síbẹ̀, ìwádìí tí Sir John Kirk ṣe jẹ́rìí sí i pé òfin ilé-iṣẹ́ náà ti lé àwọn ará Nembe kúrò nínú ọjà wọn, nígbà tí yóò sì fi di 1900, àṣẹ ìṣàkóso ti bọ́ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà.

Bonny àti Calabar, 1967

Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6, oṣù keje, ọdún 1967, ọkọ̀ ogun ni ohun tí Ìjọba Àpapọ̀ fi ju Biafra lọ. Àwọn ọkọ̀ náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n NNS Nigeria ní ìbọn ńlá, wọ́n sì ṣe NNS Lokoja ní pàtó láti gbé ọmọ ogun àti ohun èlò gúnlẹ̀ sí etíkun. Kí oṣù náà tó parí, àwọn ọmọ ogun ti gòkè sí Bonny. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó epo rọ̀bì sínú ọkọ̀, ó sì wà ní ẹnu odò tí ó lọ sí Port Harcourt. Biafra gbìyànjú láti gbà á padà, ṣùgbọ́n ìbọn àwọn ọkọ̀ tí ó wà nítòsí àti ẹrù tí ń gba òkun wá kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ àwọn tí ó gòkè yẹ̀.

Ẹ̀ka Ogun Kẹta ni ó gba iṣẹ́ etíkun. Olórí rẹ̀ ni Benjamin Adekunle, tí baba rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tí àwọn ènìyàn sì ń pè ní Àkekèé Dúdú. Láàrin ọjọ́ 17 sí ọjọ́ 20, oṣù kẹwàá, ọdún 1967, ẹ̀ka yìí gba Calabar. Ọkọ̀ ogun ń yìnbọn láti ojú omi, ọkọ̀ òfurufú ń ju bọ́ǹbù láti òkè, àwọn ọmọ ogun sì ń gòkè lábẹ́ ààbò méjèèjì. Bí Calabar ti bọ́, èbúté kan ti Biafra, àti ọ̀nà rẹ̀ sí Kamẹrúùnù, bọ́ pẹ̀lú rẹ̀.

Onitsha: omi kò jìnnà, ìṣẹ́gun jìnnà

Nínú oṣù kẹwàá kan náà, Ẹ̀ka Ogun Kejì, lábẹ́ Murtala Mohammed, dé Asaba. Kí wọ́n tó rékọjá odò, àwọn ọmọ ogun ẹ̀ka yìí pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkùnrin ìlú náà, àwọn tí kò gbé ohun ìjà. Biafra ti fọ́ apá kan afárá Odò Ọya, nítorí náà ọkọ̀ ni wọ́n fi rékọjá sí Onitsha. Àwọn tí ó kọ́kọ́ gòkè wọ ìlú, wọ́n sì dáná sun ọjà ńlá rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò di ibi tí wọ́n gbà mú. Biafra yí padà sí wọn, odò sì wà lẹ́yìn wọn: ọ̀pọ̀ kú, wọ́n sì mú àwọn mìíràn. Wọ́n tún gbìyànjú, kò tún yọrí.

Odò tí wọ́n ń wò lójúkojú yìí kéré sí òkun tí Adekunle gbà. Ìyàtọ̀ wà nínú ìpèsè. Ní Bonny àti Calabar, ọkọ̀ ogun dúró ti àwọn tí ó gòkè. Ní Onitsha, kò sí ọkọ̀ ogun tí yóò dáàbò bò wọ́n láti ẹ̀yìn, ọ̀tá sì ti mọ ibi tí wọn yóò gbà wá. Níkẹyìn, Ẹ̀ka Kejì rékọjá ní Idah lókè odò, ó sì gba orí ilẹ̀ wọ Onitsha ní oṣù kẹta ọdún 1968. Ní ọjọ́ 31 oṣù náà, Biafra ba ọ̀wọ́ ọkọ̀ ẹrù ẹ̀ka náà jẹ́ ní Abagana.

Ohun tí ó tẹ̀lé e

Ní ọjọ́ 19, oṣù karùn-ún, ọdún 1968, Port Harcourt bọ́ sọ́wọ́ Ẹ̀ka Ogun Kẹta. Láti ìgbà náà, Biafra kò ní èbúté òkun mọ́, pápá ọkọ̀ òfurufú Uli sì di ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pàtàkì. Ìdènà ojú omi tí àwọn ìgòkè wọ̀nyí mú pé pérépéré wà lára ohun tí ó fa ebi tí ó pa ogunlọ́gọ̀ ọmọdé àti àgbà kí ogun náà tó parí ní oṣù kìíní ọdún 1970.

Ní ọjọ́ 24, oṣù kẹjọ, ọdún 1990, àwọn ọmọ ogun ECOMOG, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà wà lára wọn, gúnlẹ̀ sí èbúté Monrovia ní Làìbéríà bí àwọn ọmọ ogun Charles Taylor ti ń yìnbọn sí wọn. Wọ́n gòkè ní ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n lò níbẹ̀. Nínú irú ogun yìí, ọjọ́ ìgòkè ni àwọn ènìyàn máa ń rántí. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ará ìlú etí omi máa ń san gbèsè rẹ̀.