Bí Irọ́ Bá Lọ Lógún Ọdún

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ la sábà máa ń fi òwe yìí tù nínú: ṣe sùúrù, òtítọ́ ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tú òwe náà wò. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ló gbé e ró: irọ́ “lọ”, òtítọ́ “bá”. Ọ̀rọ̀ ìrìn ni méjèèjì. Ẹni tó jókòó kì í bá ẹni tó ti lọ. Kí òtítọ́ tó lè bá irọ́, àfi kí ẹnìkan gbé e sọ́nà. Ẹjọ́ ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì ti ilé-iṣẹ́ Volkswagen ti Jámánì ló là mí lójú sí èyí.

Volkswagen kì í ṣe àjèjì lọ́dọ̀ wa. Ọkọ̀ rẹ̀ kékeré tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Ọ̀jọ́, l’Ékòó, lọ́dún 1975, Ìjàpá làwọn èèyàn wa sọ ọ́, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí bìrìkìtì. Ìrísí ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ, kì í ṣe ìwà. Ta ló mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ náà yóò hùwà ọkọ Yánníbo lọ́jọ́ iwájú?

Bí ọgbọ́n àyínìke náà ṣe lọ nìyí. Èéfín dísẹ́ẹ̀lì ní afẹ́fẹ́ olóró kan nínú, nitrogen oxide, tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, tó sì ń dá kún ikọ́ sémìísémìí. Òfin Amẹ́ríkà le gan-an lórí rẹ̀. Kí irú ọkọ̀ kan tó wọjà, wọ́n á gbé e wọ yàrá àyẹ̀wò, wọ́n á gbé táyà rẹ̀ lé orí irin róbótó tó ń yí, ọkọ̀ á máa sáré lójú kan. Kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ Volkswagen ń ṣọ́ eré, ó ń ṣọ́ sítíárín, ó ń ka iye àkókò tí ẹ́ńjìnnì ti fi ṣiṣẹ́. Bí táyà bá ń yí tí sítíárín kò sì yà sọ́tùn-ún sósì, ó ti mọ̀ pé ojú àwọn aláyẹ̀wò lòun wà. Á wá sẹ́ májèlé náà bí ẹni ń sẹ́ ògì. Bí ọkọ̀ bá ti bọ́ sí títì, á jáwọ́. Òwe ní irọ́ lọ. Irọ́ tiwọn yìí, ojú kan ló ti ń sáré.

Ojú ọ̀nà gan-an ni òtítọ́ gbà wá. Lọ́dún 2013, àwọn olùwádìí Yunifásítì West Virginia ṣe iṣẹ́ kan fún àjọ kan tí kì í ṣe ti ìjọba, ICCT. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ mú olè. Èrò àjọ náà ni pé ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń tà l’Amẹ́ríkà mọ́ ju ti Yúróòpù lọ, ẹ̀rí rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Àwọn olùwádìí kó ẹ̀rọ ìwọn-èéfín sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n fi páìpù so ó mọ́ ibi tí èéfín ń gbà jáde, wọ́n sì bọ́ sọ́nà. Wọ́n wa Volkswagen Passat kan tó bíi 4,000 kìlómítà láàárín Los Angeles àti Seattle. Májèlé tí Passat ń tú jáde fi ìlọ́po 5 sí 20 ju ohun tí òfin gbà lọ. Ti Jetta tó jẹ́ ọmọ ilé kan náà fi ìlọ́po 15 sí 35 jù ú lọ. Ọkọ̀ kẹta, BMW X5, kò fi bẹ́ẹ̀ rú òfin. Ẹ̀kẹta yìí ló dí ẹnu àwáwí: ìwọ̀n kò yẹ̀, ẹrù ló wúwo.

Wọ́n gbé àbọ̀ ìwádìí jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2014. Àjọ tó ń mójú tó afẹ́fẹ́ ní Kalifóníà pe ilé-iṣẹ́ náà kó wá ṣàlàyé. Wọ́n ń wí tibí, wọ́n ń wí tọ̀hún. Nígbà tí ọdún náà ń parí lọ, wọ́n pe nǹkan bí 500,000 ọkọ̀ padà, wọ́n ní àwọn fẹ́ tún un ṣe. Àjọ náà tún un wọ̀n, májèlé ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé ìjọba kò ní fọwọ́ sí ọkọ̀ ọdún 2016 wọn, wọ́n jẹ́wọ́ lọ́jọ́ 3 oṣù kẹsàn-án ọdún 2015. Lọ́jọ́ 18 oṣù náà, àjọ ìjọba àpapọ̀, EPA, kéde ẹ̀sùn sétígbọ̀ọ́ ayé. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí òwe wí nìyẹn. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ilé-iṣẹ́ náà ti sọ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 11 ọkọ̀ kárí ayé ló ní ètò kọ̀ǹpútà yìí nínú, ọ̀gá àgbà wọn, Martin Winterkorn, sì ti fipò sílẹ̀.

Òwe kò sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ kan ni wọ́n fi mú irọ́, ọdún gbọọrọ ni wọ́n fi ṣẹjọ́ rẹ̀. Ní 2017, ilé-iṣẹ́ náà gbà níwájú kóòtù Detroit pé òun jẹ̀bi, ìtanràn rẹ̀ sì jẹ́ bílíọ̀nù 4.3 dọ́là. Lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n rán Oliver Schmidt, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá ibẹ̀, lẹ́wọ̀n ọdún méje. Ní Jámánì, àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ní Braunschweig bu bílíọ̀nù kan yúrò lé wọn lórí ní 2018. Títí di 2020 ni àwọn tó ra ọkọ̀ níbẹ̀ fi dúró kí ilé ẹjọ́ tó ga jù lórí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ tó wí pé owó gbà-má-bínú tọ́ sí wọn. Síbẹ̀ wọ́n yọ owó ìlò kúrò nínú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bí 91,000 olùpẹjọ́ gba mílíọ̀nù 193 pọ́n-ùn ní 2022. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, kóòtù Braunschweig ṣẹ̀ṣẹ̀ dá àwọn ọ̀gá tẹ́lẹ̀ mẹ́rin lẹ́bi. Ó ní kí méjì nínú wọn lọ ṣẹ̀wọ̀n.

Nínú gbogbo ìdájọ́ wọ̀nyí, èyí tí mo máa ń rò jù ni àdéhùn tí Adájọ́ Charles Breyer fọwọ́ sí ní San Francisco ní 2016. Ó lè tó bílíọ̀nù 14.7 dọ́là. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, wọ́n fẹ́ fi ra ọkọ̀ náà padà lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, kí wọ́n sì fi tù wọ́n lójú. Ṣùgbọ́n wọ́n ya bílíọ̀nù 2.7 sọ́tọ̀ fún afẹ́fẹ́: kí àwọn ìpínlẹ̀ fi pààrọ̀ bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́, kí májèlé tí àwọn yẹn ìbá tú jáde lè dí ti Volkswagen. Ẹ wo ohun tí adájọ́ gbà láìsọ ọ́: bọ́ọ̀sì mìíràn ni wọ́n lè rà, afẹ́fẹ́ mìíràn ni wọ́n lè wẹ̀ mọ́. Mọ́tò ṣeé rà padà. Èéfín tí ọmọ aládùúgbò ti fà sínú, wọn kò rí ẹni tí wọ́n máa rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Òtítọ́ bá irọ́ lóòótọ́. Kò bá èéfín.