Òru Tí A Fi Ìṣẹ́jú Àáyá Kà

Aago mọ́kànlá alẹ́, ọjọ́ Àìkú, 24 oṣù Keje 2022. Iná ti lọ ní àdúgbò wa ní Bódìjà láti ìrọ̀lẹ́, jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ìsàlẹ̀ sì ti dákẹ́ nítorí owó epo. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ pẹ̀lú fóònù méjì àti páwà báǹkì kan tó ti ń kú lọ. Ọmọ Yunifásítì Ìbàdàn ni, bí ara ẹ̀dá ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí pápá eré ìdárayá ló ń kọ́. Ṣùgbọ́n láti 14 oṣù Kejì tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ti daṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ló wà. Ó máa ń rìn dé Àgbowó lọ́jọ́ mìíràn, á padà wá sọ fún mi pé àwọn tó ń ta núdù àti ẹyin níwájú géètì ń wo ojú títì bí ẹni tó ń retí ọkọ̀ tí kò ní í dé.

"Àǹtí, ẹ má tíì sùn o. Aago kan kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ni."

Aago mẹ́ta ọ̀sán ṣì ni ní Eugene, ìpínlẹ̀ Oregon, ní Amẹ́ríkà, níbi tí ìdíje eré sísá àgbáyé ti ń lọ sópin. Wákàtí mẹ́jọ ni Ìbàdàn fi ṣáájú wọn. Ẹni tí à ń dúró dè ni Tóbi Amúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ọmọ ọdún 25. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ó ti fi 12.40 borí ní ìpele àkọ́kọ́, àkókò tí obìnrin kankan ní Áfíríkà kò tíì sá rí nínú eré ìje onídènà 100 mítà. Mo rántí ìdíje àgbáyé ti Doha ní 2019 àti Òlíńpíìkì Tokyo ní 2021. Ipò kẹrin ló ṣe níbi méjèèjì. Ipò kẹrin a máa dunni ju ìkẹjọ lọ, nítorí ojú rẹ á rí àmì ẹ̀yẹ náà, ọwọ́ rẹ ni kò ní í tó o.

Aago méjìlá kọjá. Èmi kò sí níbẹ̀, n kò lè sọ ohun tí Tóbi ń ṣe ní wákàtí yẹn gan-an. Ṣùgbọ́n ohun tí ara ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ sá irú eré bẹ́ẹ̀ kò farasin. Ó gbọ́dọ̀ gbóná. Ẹni tó bá ti dín àkàrà rí mọ̀ pé bí epo kò bá tíì gbóná, àkàrà á rì sísàlẹ̀, á kàn máa mu epo ni. Bí iṣan ṣe rí nìyẹn. Bí ó bá tutù, á máa fà á lọ́ra, àṣẹ tí ọpọlọ bá fi ránṣẹ́ sí i kò sì ní í di agbára kíákíá. Bí ó bá gbóná, yóò fún pọ̀ ní wàrà. Ìdí nìyẹn tí àwọn sáré-sáré fi máa ń lo bí wákàtí kan láti múra fún eré tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́tàlá.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò fún mi. Igi ìdènà mẹ́wàá ló wà lọ́nà. Mítà 13 ni láti ibi ìbẹ̀rẹ̀ dé igi àkọ́kọ́, mítà 8.5 láàárín igi kan sí èkejì, mítà 10.5 láti igi tó kẹ́yìn dé ìlà òpin. Igi kọ̀ọ̀kan ga ní sẹ̀ǹtímítà 83.8. Mo bojú wo tábìlì ìjẹun wa nínú òkùnkùn: igi yẹn ju tábìlì lọ. Tóbi fúnra rẹ̀ kò ga púpọ̀, mítà 1.56 ni wọ́n kọ sí orúkọ rẹ̀. Igi náà ga ju ìdajì ara rẹ̀ lọ.

"Ìgbésẹ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n ń gbé láàárín igi méjì, Àǹtí. Tí ẹsẹ̀ bá di mẹ́rin, ẹsẹ̀ kejì ni yóò fi fò, tí ó bá sì di márùn-ún, àwọn yòókù ti lọ."

Aago kan kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, òru. Àwòrán inú fóònù ń dúró, ó ń lọ. Ìsọ̀rí àkọ́kọ́ nínú ìpele tó ṣáájú àṣekágbá ni Tóbi wà, Kendra Harrison ọmọ Amẹ́ríkà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ẹni tó ti di 12.20 mú gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ àgbáyé láti ìgbà tó ti sá a ní London ní 2016. Ìbọn dún. Kí n tó mọ ẹni tí à ń wò, ó ti parí. Lẹ́yìn náà ni nọ́ńbà jáde: 12.12. Afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn jẹ́ 0.9 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, èyí tí kò dé 2.0 tí òfin fàyè gbà. Kò sí ọmọ Nàìjíríà tó di àkọsílẹ̀ àgbáyé mú rí nínú eré orí pápá títí di ìṣẹ́jú yẹn. Harrison ṣe ipò kejì pẹ̀lú 12.27, ojú ara rẹ̀ ni wọ́n ti gba ohun tó ti ń tọ́jú fún ọdún mẹ́fà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kígbe. Bàbá òkè ṣí fèrèsé, ó bi wá pé ṣé olè ni. A ní rárá, Tóbi ni. Ó sọ̀kalẹ̀ wá tòun ti aṣọ ìbora.

Gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ nípa ìṣẹ́jú àáyá méjìlá. Lójú tèmi, nǹkan bíi wákàtí méjì tó tẹ̀ lé e ni iṣẹ́ gidi wà. Aago mẹ́ta òru ni àṣekágbá. Kí ni ènìyàn fẹ́ fi ara tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sá eré tí ẹ̀dá obìnrin kankan kò sá rí ṣe láti aago kan sí aago mẹ́ta?

Agbára kan wà tí iṣan ń kó pamọ́, phosphocreatine ni wọ́n ń pè é. Owó àpò ni, kì í ṣe owó báǹkì: kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ń tètè tó o. Ẹni tó bá fi gbogbo ipá sáré yóò ná èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ láàárín bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ìyanu ibẹ̀ ni bó ṣe ń yára padà. Láàárín bí ìdajì ìṣẹ́jú, bí ìdajì rẹ̀ ti padà sí àpò. Bí ìṣẹ́jú bíi mélòó kan bá kọjá, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Kí wọ́n tó gbé máíkì síwájú Tóbi, apá tó pọ̀ nínú owó yẹn ti wọlé. Nítorí náà kì í ṣe agbára ló máa ń bá ènìyàn jà láàárín eré méjì. Òtútù ni, torí iṣan tí a ti mú gbóná á bẹ̀rẹ̀ sí í tutù láàárín bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí a bá jókòó. Ọkàn náà tún ni. Ayọ̀ àkọsílẹ̀ àgbáyé nìkan tó láti mú ọwọ́ gbọ̀n, omi ara tó ń mú àyà ẹni lù kìkì sì lè ná ohun tí ẹsẹ̀ ì bá ná. Ó ní láti yọ̀, kó sì gbé ayọ̀ náà pamọ́, kó tún múra bí ẹni tí kò tíì ṣe nǹkan kan.

Bàbá òkè ní àwọn ò gbà bẹ́ẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ ni, ọmọ mi. Ẹ̀jẹ̀ Yorùbá ni."

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì fi ọ̀wọ̀ dá wọn lóhùn. "Bàbá, wọ́n ti wo ẹ̀jẹ̀ yẹn o, ará Ìbàdàn níbí gan-an ni." Òótọ́ ló sọ. Nígbà tí àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ HapMap ní 2002, láti fi àbùdá ìran ènìyàn wé ara wọn, 90 Yorùbá ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn ní Ìbàdàn, bàbá, ìyá àti ọmọ, ìdílé 30. Títí di òní, lẹ́tà mẹ́ta, YRI, ni wọ́n fi ń pè wá nínú ìwé ìmọ̀ káàkiri ayé. Àbùdá kan sì wà, ACTN3, tí wọ́n máa ń pè ní àbùdá eré sísá. Ní 2007, àwọn olùwádìí fi àwọn sáré-sáré Nàìjíríà wé àwọn tí kì í sáré. Ohun tí wọ́n rí ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wa la ní èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Bàbá òkè ní in. Ìyá tó ń ta ata lọ́jà Bódìjà ní in. Bí ẹ̀jẹ̀ bá jẹ́ ilẹ̀kùn, gbangba ló ṣí fún gbogbo wa, kò lè ṣàlàyé ẹni kan tó gba ibẹ̀ kọjá. Ó dùn mí pé a máa ń fi ẹ̀jẹ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Tóbi fi wà lábẹ́ Lacena Golding-Clarke, ọmọ Jàmáíkà tó jẹ́ olùkọ́ rẹ̀ ní El Paso ní Texas.

Láàárín àkókò yìí kan náà, Ese Brume, ọmọ Nàìjíríà bíi Tóbi, ń fò jìnnà. Mítà 7.02, fàdákà. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni inú wa dùn, a tún padà sórí aago.

Aago mẹ́ta. Páwà báǹkì ti kú, fóònù kan ló kù. Wọ́n gbéra. Tóbi ṣáájú láti igi bíi mélòó kan, kò sì wẹ̀yìn. 12.06! Bàbá òkè ti fẹ́ máa jó, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Afẹ́fẹ́ jẹ́ 2.5. Òfin ní kò lè wọ ìwé àkọsílẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 13 ni wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ nínú eré yìí, ẹ̀rọ ìwọ̀n náà sì wà ní mítà 50 sí ìlà òpin. Ohun tó bá sọ ni abẹ gé. Wúrà ṣì ni wúrà. Britany Anderson ọmọ Jàmáíkà àti Jasmine Camacho-Quinn ọmọ Puerto Rico tẹ̀ lé e, 12.23 ni àwọn méjèèjì.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń bú afẹ́fẹ́ yẹn kò rò. Ní 100 mítà gbalasa, afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn ń ràn ọ́ lọ́wọ́, ó parí. Níbi tí igi wà, ó ń tì ọ́ lu igi. Mítà 8.5 kò ní í gùn sí i nítorí pé o ń yára, ìgbésẹ̀ mẹ́ta náà sì ni. O ní láti ké ẹsẹ̀ kúrú, kí ó sì yá sí i, láìjẹ́ kí eré dínkù. Tóbi ṣe èyí nígbà mẹ́sàn-án nínú afẹ́fẹ́ tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n kọ orin orílẹ̀-èdè wa, omijé Tóbi ń dà. Tèmi náà ń dà. Fóònù kú kó tó parí.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Iná ti dé, ìròyìn sì ti gba ibi gbogbo, pẹ̀lú ìròyìn pé Michael Johnson, ògbólógbòó sáré-sáré tó ń sọ̀rọ̀ lórí BBC, ti béèrè bóyá aago ibẹ̀ péye, torí pé àwọn tó sá àkókò tó dára jù láyé wọn pọ̀ jù. Àwọn kan sì ń tọ́ka sí bàtà. Tóbi ti sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń dun òun nínú ọdún yẹn, tí òun fi béèrè fún bàtà Adidas tó rọ̀, irú èyí tí àwọn tó ń sá eré jíjìn ń wọ̀. Bàtà tí òfin gbà ni. Inú mi kò dùn sí ìbéèrè Johnson, síbẹ̀ ó ní ibi tí ó bójú mu: ìwọ̀n ni a gbọ́dọ̀ fi dáhùn, kì í ṣe ìbínú. Ìwọ̀n sì dáhùn. Nígbà tó yá, World Athletics, àjọ tó ń darí eré náà lágbàáyé, yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì fọwọ́ sí 12.12.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọmọ ti dé láti iléèwé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yá téèpù lọ́wọ́ káfíńtà, ó wọn mítà 8.5 sójú títì, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà. Ó gbé fóònù dání láti fi ka àkókò, ó sì kìlọ̀ fún mi tẹ́lẹ̀.

"Ọwọ́ mi kò péye, Àǹtí. Ẹni tó bá fi ọwọ́ tẹ aago, wọ́n máa ń fi 0.24 kún un."

Mo rò ó wò. 0.08 péré ló wà láàárín 12.20 àti 12.12. Àṣìṣe àtàǹpàkò kan tó ó gbé mì lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ọmọbìnrin kan láti ilé kejì, bí ọmọ ọdún mọ́kànlá, ló kọ́kọ́ sá. Ìgbésẹ̀ márùn-ún. Ó tún sá, márùn-ún náà ni. Ó dúró lórí ìlà kejì, ó ń mí gúlegúle, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo ìlà.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún un mọ́ mi díẹ̀."

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pa ìlà náà rẹ́ pẹ̀lú bàtà rẹ̀, ó fa òmíràn sí mítà 6.5. Ọmọbìnrin náà sá a ní mẹ́ta.