Ọdún Aládùúgbò Wa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú ọ̀run tó gbogbo ẹyẹ í fò láì fara kan ara wọn. Ìwọ ọ̀dọ́ tí o ń ka ìwé yìí, bí ó bá jẹ́ pé ìlú Ẹdẹ ni a bí ọ sí, o ti mọ ìtumọ̀ òwe yìí kí olùkọ́ tó kọ́ ọ, nítorí nínú agbo ilé kan náà ni ẹni tí ń kírun àti ẹni tí ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ti ń pọn omi nínú kànga kan ṣoṣo. Mùsùlùmí ni èmi. Ọdún púpọ̀ ni mo fi ṣe olùkọ́, tí mo sì ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, kí n tó fẹ̀yìn tì. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, bí oṣù Dìsẹ́ńbà bá ti wọlé, tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́, ọmọ kan kò ní ṣàì bi mí léèrè pé: "Ẹ jọ̀wọ́, sà, ṣé ó dára kí ọmọ ìmàle bá wọn yọ̀ ní ọdún Kérésìmesì?" Èmi kì í dá a lóhùn kíákíá, nítorí ọkàn mi jẹ́ méjì lórí ọ̀rọ̀ náà. Apá kan nínú rẹ̀ ń yọ̀. Apá kejì ń kọminú. Jẹ́ kí n ṣí ọkàn náà payá fún ọ lónìí.

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ ibi tí ọdún yìí ti ṣẹ̀ wá. Ìwé Mímọ́ àwọn Onígbàgbọ́ kò sọ ọjọ́ tàbí oṣù tí a bí Jésù. Ìlú Róòmù ni a ti kọ́kọ́ rí i nínú àkọsílẹ̀ pé a ń ṣe ìrántí ìbí rẹ̀ ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Dìsẹ́ńbà, ní ọdún 336. Kì í sì í ṣe gbogbo Onígbàgbọ́ ni ó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ní ọdún 1647, àwọn aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn fúnra wọn jẹ́ Onígbàgbọ́ paraku, fi òfin de ọdún náà. Wọ́n ní kò sí nínú Ìwé Mímọ́, wọ́n sì ní ọtí àti wọ̀bìà ti bò ó mọ́lẹ̀. Ó di ọdún 1660, tí ọba padà sórí oyè, kí a tó tún máa ṣe é ní gbangba láìsí ìbẹ̀rù. Nítorí náà, bí o bá gbọ́ tí àgbàlagbà kan ń ráhùn pé àríyá ti gba ipò ẹ̀sìn nínú ọdún yìí, má ṣe rò pé ìráhùn tuntun ni.

Ní ilẹ̀ tiwa, Àgbádárìgì ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Dìsẹ́ńbà ọdún 1842, Thomas Birch Freeman, ajíhìnrere ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ènìyàn dúdú, ti Abẹ́òkúta dé, ó sì bá Henry Townsend ti ìjọ C.M.S. pàdé ní Àgbádárìgì. Àwọn méjèèjì jọ ṣe ọdún náà níbẹ̀, òun ni a sì máa ń kà sí ọdún Kérésìmesì àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà.

Ní Ẹdẹ, ìmàle ti fìdí múlẹ̀ kí ìgbàgbọ́ tó dé. Tìmì Àbíbù Lágúnjú, tí ó jọba ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, jẹ́ Mùsùlùmí, ó sì wà lára àwọn ọba Yorùbá tí ó kọ́kọ́ gba ẹ̀sìn náà. Nǹkan bí ọdún 1900 ni ìjọ Onítẹ̀bọmi wọ ìlú wa. Síbẹ̀, ní ọdún 1946, ìlú tí ìmàle pọ̀ sí yìí fi Onígbàgbọ́ jọba. Òun ni Tìmì John Adétóyèṣe Láoyè, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí ìmọ̀ rẹ̀ nínú ìlù dùndún, tí ó sì wà lórí ìtẹ́ títí di ọdún 1975. Mùsùlùmí ni ẹni tí ó jẹ tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníṣàngó kò fi ọdún tiwọn sílẹ̀. Gbogbo wọn ni ọmọ Tìmì. Bí ó ti rí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ní ọjọ́ Kérésìmesì, àwo oúnjẹ ń ti ilé Onígbàgbọ́ lọ sí ilé ìmàle. Bí ó bá sì di ọjọ́ Iléyá, ẹran á ti ilé ìmàle padà lọ sí ilé Onígbàgbọ́.

Ní báyìí, gbọ́ ohun tí ó ń mú inú mi dùn sí ọdún yìí. Orí kọkàndínlógún nínú Al-Kùránì, Mọ́ríyámù ìyá Ànábì Ísá ni a fi sọ ọ́ lórúkọ. Níbẹ̀ ni a ti kà pé òun nìkan ni ó wà nígbà tí ìrọbí mú un, tí ó fara ti igi dábínù, tí ìrora náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi wù ú pé ìbá ti kú ṣáájú. Nígbà náà ni ohùn kan tù ú nínú pé kí ó má ṣe banújẹ́, kí ó mi igi náà, èso pípọ́n yóò sì bọ́ sílẹ̀ fún un. Ìtàn ti àwọn Onígbàgbọ́ sọ pé kò sí àyè fún un ní ilé èrò, inú ibùjẹ ẹran ni a sì tẹ́ ọmọ náà sí. Ìtàn méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Àwa Mùsùlùmí kò sì gbà pé Ọlọ́run bí ọmọ; má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ìtàn méjèèjì fi ẹnu kò sí: ìyá kan wà nínú ìpọ́njú, àánú sì dé bá a.

Ìtàn ẹ̀sìn wa tún sọ nípa ọ̀ràn kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 615. Àwọn ará Mẹ́kà ń ni àwọn ọmọlẹ́yìn Ànábì Mùhámmádù lára, díẹ̀ nínú wọn sì sá lọ sí ilẹ̀ Ètíópíà, sábẹ́ ọba kan tí ó jẹ́ Onígbàgbọ́. Àwọn ọ̀tá lépa wọn dé ibẹ̀, wọ́n fi ẹ̀bùn tẹ́ àwọn ìjòyè lọ́rùn, wọ́n ní kí ọba dá àwọn ìsáǹsá náà padà. Jafaru, ọ̀kan nínú wọn, dìde, ó sì ka ìtàn Mọ́ríyámù tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí létí ọba. Ọba sunkún, kò sì fi wọ́n lé ọ̀tá lọ́wọ́. Rò ó wò, ọmọ mi: nígbà tí ẹ̀sìn wa ṣì kéré, àánú Onígbàgbọ́ wà lára ohun tí ó dáàbò bò ó.

Èmi náà ti jẹ nínú irú àánú bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àìsàn dá bàbá mi dúbúlẹ̀ láti ìgbà òjò títí ọyẹ́ fi dé, kò sì sí ẹni tí ó lọ sí oko kòkó rẹ̀. Ìyàwó káfíńtà kan, Onítẹ̀bọmi, ni ó wà ní ilé kejì sí tiwa. Bí ọdún Kérésìmesì ti ń bọ̀, ó ra aṣọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rin, ó sì ní kí télọ̀ gé márùn-ún. Ó mú ẹ̀karùn-ún wá fún ìyá mi ní alẹ́, nígbà tí ojú kò rí i. Kò ní kí n bá òun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí ó sọ kò ju pé, "Ìyá Àgbà, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí máa wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu." Títí di òní, bí mo bá gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ náà, aṣọ yẹn ni mo ń rántí.

Ṣùgbọ́n mo ti sọ fún ọ pé ọkàn mi jẹ́ méjì. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí mo lọ, olùkọ́ kan wo orúkọ mi nínú ìwé orúkọ, ó ní orúkọ ìmàle kò yẹ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ, ó sì fi òmíràn tí ó ti inú Bíbélì wá rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí ọdún ń bọ̀, wọ́n fi mí ṣe olùṣọ́-àgùntàn nínú eré ìbí Jésù. Orin náà dùn mọ́ mi púpọ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí láti kọ ọ́ nílé. Nígbà tí bàbá mi gbọ́, kò pariwo. Ó lọ bá olùkọ́ náà, ó ní, "Ẹ kọ́ ọmọ mi ní ìwé, mo bẹ̀ yín. Ẹ má gba orúkọ rẹ̀." Síbẹ̀, ó di ìgbà tí mo fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni kí orúkọ mi tó padà bọ̀ sípò. Kì í ṣe èmi nìkan ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Kí ọmọ ìmàle lè kàwé láì sọ ẹ̀sìn rẹ̀ nù ni àwọn Mùsùlùmí Èkó fi dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní ọdún 1923. Wo ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin olùkọ́ yẹn àti ìyàwó káfíńtà. Onígbàgbọ́ ni àwọn méjèèjì. Ọ̀kan fún mi láì gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Èkejì fi ìwé fún mi, ó sì fẹ́ fi orúkọ mi ṣe owó rẹ̀.

Ohun kejì tí ó ń kọ mí lóminú ni ọjà. Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, nínú ọdún 1843, Charles Dickens tẹ ìwé ìtàn kan jáde nípa ahun kan tí ọdún Kérésìmesì kọ́ ní àánú. Nínú ọdún kan náà, ní ìlú kan náà, Henry Cole ṣe káàdì ọdún Kérésìmesì àkọ́kọ́ tí a tẹ̀ fún títà, ṣílè kan ni ẹyọ rẹ̀. Àánú àti ọjà jọ gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé ni.

Ní ilẹ̀ tiwa, kòkó ni ó so wọ́n pọ̀. Láti oṣù Òkútóbà títí wọ Jánúárì ni ìkórè kòkó máa ń pọ̀ jù. Ojú irin gba Ẹdẹ kọjá dé Òṣogbo ní ọdún 1907; ọkọ̀ tí ó ń kó irè oko lọ sí Èkó náà ni ó ń kó aṣọ, páànù àti ìrẹsì òyìnbó bọ̀. Owó kòkó á wọlé, ọdún á sì wọlé tẹ̀ lé e. Oníṣòwò tí ó gbọ́n kò ní jẹ́ kí méjèèjì pàdé láìsí òun láàrin. Ìrẹsì, tí ọ̀pọ̀ ilé kì í sè ju ọjọ́ ọdún lọ nígbà èwe mi, di àmì ọdún. Ilé tí kò bá sè é, àfi bí ẹni pé kò ṣe ọdún rárá. Láti ìgbà náà ni ọwọ́n ọjà àti ọwọ́n owó ọkọ̀ ti di ara oṣù Dìsẹ́ńbà.

Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, Jánúárì ni mo máa ń rí èrè rẹ̀. Bàbá kan tí ó ra bàtà tuntun fún ọmọ mẹ́ta ní ọdún kò rí owó ìwé fún ẹyọ kan lẹ́yìn ọdún. Ọmọ náà jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì pẹ̀lú bàtà dídán, kò sì ní ìwé tí yóò kọ nǹkan sí. Má ṣe fi èyí fi Onígbàgbọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, ìwọ ọmọ ìmàle. Mo mọ Mùsùlùmí tí ó jẹ gbèsè àgbò ní Iléyá, nígbà tí ẹ̀sìn kò fi dandan lé ẹni tí kò ní. Àwọn àgbà wa ti sọ pé, ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n.

Èyí tí ó wúwo jù lọ́kàn mi ni ti ọdún 2024. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Dìsẹ́ńbà, a pe àwọn ọmọdé sí àríyá ọdún Kérésìmesì ní ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ girama Mùsùlùmí kan ní Bàṣọ̀run, ní Ìbàdàn, pẹ̀lú ìlérí ẹ̀bùn ọ̀fẹ́. Èrò pọ̀ ju bí ààyè ti gbà lọ, wọ́n tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, ọmọ 35 sì kú. Ní ọjọ́ kọkànlélógún, ní Òkíjà ní Ìpínlẹ̀ Anámbra, ènìyàn 22 kú níbi tí a ti ń pín oúnjẹ. Ní ọjọ́ náà gan-an, 10 kú ní Àbújá. Ẹ̀mí 67 ni ó lọ láàrin ọjọ́ mẹ́rin. Ẹnikẹ́ni kò bi àwọn ìyá tí ó gbé ọmọ wọn lọ sí Bàṣọ̀run léèrè ẹ̀sìn wọn. Ebi àti ìrètí ni ó kó gbogbo wọn jọ. Mo sunkún ní ọjọ́ náà, mo sì rántí aṣọ tí a fún mi ní òru. Mi ò sọ pé kí a má ṣe fún ọ̀pọ̀ ènìyàn papọ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé àánú nílò ọgbọ́n àti ètò, àti pé ìlú tí ọwọ́n oúnjẹ ti ń lé ìyá jáde kúrò nílé ní òwúrọ̀ kùtùkùtù nítorí ẹ̀bùn ọmọdé ní ọ̀ràn tí ó ju ọ̀rọ̀ ọdún lọ.

Nítorí náà, ọmọ mi, èyí ni èsì ìbéèrè rẹ. Bí aládùúgbò rẹ bá gbé oúnjẹ wá, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sì kí i kú ọdún. Jẹ́ ohun tí ẹ̀sìn rẹ fi jẹ́. Má ta orúkọ rẹ nítorí àwo ìrẹsì, má sì ṣe gba orúkọ ẹlòmíràn nítorí pé o fún un ní oúnjẹ. Má jẹ gbèsè nítorí ojú ayé. Bí o bá fẹ́ fúnni, wo ilé tí ó sún mọ́ ọ jù lọ, kí o sì lọ síbẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ní ọdún tí bàbá mi gbádùn, ìyá mi gbé itan àgbò kan fún ìyàwó káfíńtà ní ọjọ́ Iléyá, nínú àwo kan náà tí obìnrin náà fi gbé ìrẹsì wá fún wa ní ọdún Kérésìmesì. Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ ẹ̀sìn láàrin wọn ní ọjọ́ náà, Ọlọ́run sì mọ àwọn méjèèjì.