Ìfun Tó Ń Bínú

Láti ìgbà tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ti mọ bí a ṣe ń la ikùn ènìyàn tí onítọ̀hún sì ń yè, ni wọ́n ti mọ̀ pé bí ọwọ́ bá ti kan ìfun, ìfun a daṣẹ́ sílẹ̀: ikùn a wú, oúnjẹ kò ní í lọ, èébì a máa gbé aláìsàn, dókítà a sì máa tẹ́tí sí ikùn náà láràárọ̀ bóyá yóò kùn, bẹ́ẹ̀ ni ìsó, tí í ti ọmọlúwàbí lójú láwùjọ, a wá di ohun tí nọ́ọ̀sì ń bèèrè ní gbangba pé, “Bàbá, ṣé ẹ ti só?”, tí gbogbo ẹbí a sì bú sáyọ̀ bí Bàbá bá ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ní 1899, Bayliss àti Starling rí i lára ajá, ní London, pé àwọn iṣan kan ní ń pàṣẹ fún ìfun pé kó dúró, nítorí bí wọ́n ti gé wọn ni ìfun tún ń rìn. Cannon ti Harvard, tó fi X-ray wo inú ológbò, fi hàn ní 1906 pé fífọwọ́ pa ìfun tó láti dá a dúró.

Ibi tí mànàmáná ti wọ ọ̀rọ̀ ìfun yìí ni pé ó ti pẹ́ tí aráyé ti ń fi í ṣe egbòogi. Òjijí, ẹja abàmì, amúni-gbọ̀n láìgbé kùmọ̀, ní ẹlẹgbẹ́ nínú òkun tí Scribonius Largus, oníṣègùn ará Róòmù, ń gbé lé ẹlẹ́fọ̀rí lórí ní ohun tó lé ní 1900 ọdún sẹ́yìn. Ní 1791 ni Galvani ará Bologna sì tẹ ìwé jáde lórí itan àkèré tí ń ta pọ́n-ún bí mànàmáná bá kàn án.

Nígbà tó di 1963, Bilgutay, Lillehei àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Minnesota, níbi tí ẹ̀rọ alábátìrì tí ń fún ọkàn ní ìlù ti jáde ní ọdún díẹ̀ ṣáájú, ki wáyà bọ inú rọ́bà tí a ń tì gba imú dé àpòlúkù, wọ́n sì fi mànàmáná ta àpòlúkù jí, pé bó bá ti dìde, ìfun yóò tẹ̀ lé e. Kò ju nǹkan bí ọdún méjì lọ tí àwọn mìíràn fi àwọn tí a ta wé àwọn tí a kò ta, tí wọn kò rí ìyàtọ̀. Èmi kò jẹ́ fi àwọn ará Minnesota rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ọkàn ti gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu, kí ni kò ní í mú un rò pé ìfun náà yóò gbọ́? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ni wọn kò rí, ó sì ju èje lọ.

Ìfun kò sùn. Inú ló ń bí i. Ní òpin ọ̀rúndún tó kọjá ni wọ́n rí i lára eku, ní Pittsburgh, pé ọwọ́ tó kan ìfun a máa jí àwọn ọmọ-ogun ara tó ń ṣọ́ ẹran ìfun, wọn a ké sí àwọn ẹgbẹ́ wọn, ibẹ̀ a sì wú. Ní 2000, Tracey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York fi hàn pé bí a bá fi mànàmáná ta iṣan vagus, tó ti inú orí gba ọrùn sọ̀ kalẹ̀ dé ikùn, irú ìbínú bẹ́ẹ̀ a rọlẹ̀. Ní 2005, de Jonge àti Boeckxstaens, ní Amsterdam, sì ṣe é fún eku tí a ti fọwọ́ pa ìfun rẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: a kò na ìfun mọ́, ẹni tí ń bá a sọ̀rọ̀ ni a ń rán sí i.

Àwọn ará Hong Kong gba ọ̀nà mìíràn, ọ̀nà abẹ́rẹ́ àwọn baba ńlá Ṣáínà. Wọ́n fi mànàmáná sí abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún sára àwọn tí a ṣe iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ìfun fún. Nínú ìwádìí lórí ènìyàn 165 tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013, àwọn tí a fún ní ìtọ́jú náà yàgbẹ́ ní nǹkan bí wákàtí 86, àwọn tí a kò gún rárá ní nǹkan bí 122. Ní Leeds ní tiwọn, aláìsàn fúnra rẹ̀ ni wọ́n fún ní ẹ̀rọ kékeré kan, tí yóò máa gbé lé ọrùn ara rẹ̀, níbi tí iṣan vagus gbà kọjá, ṣáájú iṣẹ́ abẹ àti lẹ́yìn rẹ̀.