Ìrẹsì Ọ̀fàdà Dé Ìlúpéjú

Ìrẹsì Ọ̀fàdà ni mo ń tà ní Ìlúpéjú, l'Ékòó. Ọwọ́ àwọn ìdílé àgbẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ni mo ti ń rà á. Oko wọn kò tóbi. Tọkọtaya àtọmọ ní ń gbìn ín, àwọn náà ní ń lé ẹyẹ.

Nígbà tí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ṣí ní 1978, Mowé di ẹnu ọ̀nà ìlú Ọ̀fàdà, ọjà Èkó sì súnmọ́ àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n ayé owó epo rọ̀bì nìyẹn. Ìrẹsì funfun láti òkè òkun kún èbúté Apápá, àwọn èèyàn sì ń fojú tín-ín-rín wo ìrẹsì ilé nítorí òkúta inú rẹ̀. Ìjọba fòfin de ìrẹsì òkèèrè ní 1985. Ó di 1995 kí wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 2019, wọ́n tún ti ẹnubodè ilẹ̀ pa nítorí fàyàwọ́ ìrẹsì òkèèrè.

Lójú tèmi, ọwọ́ àwọn obìnrin ló gbé Ọ̀fàdà ga ju òfin lọ. Wọ́n á rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mélòó kan, ibẹ̀ ni òórùn rẹ̀ ti ń wá. Wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fẹ́ ẹ, wọ́n á wá jókòó ti atẹ́ láti ṣa òkúta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lónìí, ọ̀pọ̀ òde ńlá l'Ékòó ni wọ́n ti ń fi ewé eéran pọ́n ọn. Ẹ má ṣe ná ẹ̀dínwó tó máa pa àgbẹ̀ lára. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn tó owó.