Abúlé Páálí àti Ojú Irin Tí Ó Bí I

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí òun náà jẹ́ àlejò bíi tiwa fún yín. Roye England ni orúkọ rẹ̀. Láti ilẹ̀ Ọsirélíà ni ó ti wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1925. Ó fẹ́ràn ọkọ̀ ojú irin Great Western Railway púpọ̀, ó sì fi agbègbè Swindon ṣe ibùgbé. Bí ó ti ń rìn kiri àwọn abúlé Vale of White Horse ni ó rí i pé àwọn ilé àtijọ́ tí a fi koríko bò ń pòórá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pinnu pé ìrántí wọn kò gbọdọ̀ parun.

Kí ni ó ṣe? Ó wọn àwọn ilé náà, ó sì fi páálí kọ́ wọn ní kékeré. Mìlímítà 4 dúró fún ẹsẹ̀ bàtà 1, nítorí náà ilé tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 20 di mìlímítà 80 péré. Ní ọdún 1954 ó dá Pendon Museum sílẹ̀ ní Long Wittenham, lẹ́bàá Didcot. Pendon Parva, abúlé tí ẹ ó bá níbẹ̀, kò sí lórí ilẹ̀ ayé. Ṣùgbọ́n ilé gidi ni a wò kọ́ àwọn ilé inú rẹ̀, bí wọ́n ti rí ní nǹkan bí ọdún 1930.

Ẹ má ṣe dúró síbẹ̀ o. Ẹ mú àwọn ọmọ wọ ọkọ̀ láti Didcot lọ sí Swindon, lórí ojú irin tí Brunel là, èyí tí ó so Lọ́ńdọ̀nù pọ̀ mọ́ Bristol ní ọdún 1841. Ọkọ̀ kò dúró ní Uffington mọ́, nítorí pé a ti ti ibùdókọ̀ ibẹ̀ pa láti ọdún 1964. Ṣùgbọ́n bí ojú ọjọ́ bá mọ́, ẹ wo òkè apá òsì: ẹ ó rí ẹṣin funfun tí àwọn ará àtijọ́ gbẹ́ sára òkè ní nǹkan bí 3,000 ọdún sẹ́yìn. Ẹ bi àwọn ọmọ pé: kí ni ó kù nínú ohun tí a rí nínú abúlé páálí? Kí ni ó ti lọ?

Nínú iṣẹ́ mi láàrin àwọn ẹbí, mo ti pàdé ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n mọ orúkọ ìlú bàbá wọn, tí wọn kò sì lè sọ ohun kan nípa rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwa náà ní ojú irin tiwa. Ọdún 1896 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í là á láti Èkó, ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Àwọn àgbà tí wọ́n wọ ọkọ̀ ní Ìddó nígbà èwe wọn ṣì wà, ṣùgbọ́n wọ́n ń dín kù.

Ẹ pè wọ́n lórí tẹlifóònù. Ẹ béèrè ibi tí ilé ìdúró ọkọ̀ wà, ohun tí a ń tà níbẹ̀, àti ẹni tí ó máa ń sin wọ́n dé ibẹ̀. Kí ọmọ yín fi páálí kọ́ ohun tí ó bá gbọ́. Nígbà tí ẹ bá sì relé, ẹ mú un dé ojú ibẹ̀ gan-an. England kò dúró kí gbogbo ilé wó tán kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí wọ̀n wọ́n.