Akin Euba: Atẹdùùrù àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìlànà Orin

Akin Euba (1935–2020) jẹ́ atẹdùùrù, akọ̀wé orin àti ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ Yorùbá, tí ó lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ láti wádìí bí dùùrù, ohun èlò tí àwọn òyìnbó kó wá, ṣe lè máa sọ̀rọ̀ bí ìlù. Ìlànà orin, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní tíọ́rì, ni ẹ̀kọ́ nípa bí ohùn ṣe ń tò tẹ̀lé ara wọn, bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn ṣe déédéé nígbà tí wọ́n bá dún pọ̀, àti bí a ṣe ń pín àkókò láàárín wọn. Láti inú orin Yúróòpù ni wọ́n ti ń yọ gbogbo òfin rẹ̀ nígbà tí Euba wà lọ́mọdé. Nígbà tí yóò fi kú, ó ti fi hàn pé ìlù dùndún náà ní òfin tirẹ̀.

Èkó ni wọ́n bí i sí. Ní ọdún 1952 ó lọ sí Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ó ti kọ́ dùùrù títẹ̀ àti orin kíkọ sílẹ̀. Nígbà tí ó padà dé ní 1957, ó ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ rédíò ìjọba Nàìjíríà, kí ó tó gbéra lọ sí Yunifásítì Kalifọ́níà ní Los Angeles láti kọ́ nípa orin àwọn ẹ̀yà ayé. Ó ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Èkó àti ní Ifẹ̀, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Gánà ní 1974, lábẹ́ ìtọ́sọ́nà J. H. Kwabena Nketia.

Ìwádìí oyè náà, tí ó dá lórí dùndún, ni ó di ìwé *Yoruba Drumming* ní 1990, ìwé náà sì ni ó ṣeé ṣe kí ó pẹ́ jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ onídùndún, ìyáàlù ni ó ń sọ̀rọ̀, nígbà tí gúdúgúdú àti àwọn ìlù tí ń gbè é di ìlù kan náà mú. Euba gbé ètò yìí lọ sórí dùùrù, nítorí pé òòlù kéékèèké ni ó ń lu okùn inú dùùrù, èyí tí ó mú kí ó sún mọ́ ìlù ju bí àwọn tí ń tẹ̀ ẹ́ ṣe máa ń rò lọ. Ọwọ́ kan lè máa tún ìlù kan náà lù láìdáwọ́ dúró, kí èkejì máa dárà bí ìyáàlù. Ó pe ìlànà yìí ní *African pianism*. Àpẹẹrẹ rẹ̀ wà nínú *Wakar Duru* (1987). Ṣùgbọ́n nínú *Scenes from Traditional Life* (1970), níbi tí ó ti da ìlànà náà pọ̀ mọ́ ìlànà ohùn méjìlá (twelve-tone) ti àwọn ará Yúróòpù, orin náà le létí, òye iṣẹ́ rẹ̀ sì hàn ju adùn rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn Ifẹ̀, ó ṣiṣẹ́ ní Bayreuth ní Jámánì, ó sì parí iṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Pittsburgh ní Amẹ́ríkà.

Ọ̀rọ̀ bí ohùn èdè ṣe yẹ kí ó máa darí orin kan Oǹdó àti Àkúrẹ́ gidigidi. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Adeyemi ní Oǹdó, tí ń kọ́ àwọn olùkọ́ orin, wà lábẹ́ Yunifásítì Ifẹ̀, níbi tí Euba ti ṣe olùkọ́, fún ìwé-ẹ̀rí dìgírì ní ọ̀pọ̀ ọdún kí òun fúnra rẹ̀ tó di yunifásítì. Ní ṣọ́ọ̀ṣì ìlú méjèèjì, ìṣòro tí T. K. E. Phillips, ẹni tí ó ń tẹ ọ́gáànù ní kàtídírà Èkó nígbà náà, kọ̀wé lé lórí ní 1953 kò tíì tán: orin ìyìn tí a túmọ̀ máa ń tẹ̀lé ohùn òyìnbó, tí yóò gbé ọ̀rọ̀ sókè níbi tí èdè ní kí ó lọ sílẹ̀, débi tí ọkọ̀ lè di ọkọ́ lẹ́nu akọrin. Orin obítun, tí àwọn ọmọbìnrin Oǹdó ń kọ níbi ayẹyẹ ìbàlágà, kò ní irú àléébù bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹ̀ka èdè Oǹdó ni ó ń darí ohùn rẹ̀. Dùndún ni Euba fi ṣe òṣùwọ̀n, ọ̀rọ̀ àwọn ará Ọ̀yọ́ sì ni ìlù náà sábà máa ń sọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ orin dùùrù láti inú obítun yóò ní láti bẹ̀rẹ̀ láti orí ohùn Oǹdó fúnra rẹ̀.